Ọjọ́ Wo Ni Wọ́n Sọ fún Ilé Aṣòfin?

Mo kí gbogbo yín o. Ẹ ṣé tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ti àwọn tó ń wọ súùtù nìkan, ìyẹn bí ìjọba ṣe ń jíhìn fún ilé aṣòfin lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Màá gbìyànjú kí n má fi èdè agbẹjọ́rò dí yín lójú.

Ìlú kan wà ní Nẹ́dálándì tó ń jẹ́ The Hague. Ibẹ̀ ni ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè náà wà. Ibẹ̀ kan náà ni Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé wà, níbi tí orílẹ̀-èdè ti ń pe orílẹ̀-èdè lẹ́jọ́, tí Ilé-ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé, tó ń dá ẹjọ́ àwọn tó pa aráàlú nípakúpa, náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí ìjọba ti ń jíhìn fún àwọn èèyàn rẹ̀ àti ibi tó ti ń jíhìn fún ayé, ìrìn àárọ̀ kan ló máa fi rìn ín tán.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé aṣòfin inú ìlú yẹn. Ní òru ọjọ́ 2 mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015, bàálù ogun Nẹ́dálándì ju bọ́ǹbù sí ilé kan ní Hawija, ní Ìrákì, níbi tí àwọn agbéṣùmọ̀mí IS ti ń ṣe bọ́ǹbù tiwọn. Ohun tó wà nínú ilé náà gbiná, ó sì gbé àdúgbò lọ. Ó kéré tán, aráàlú 70 ló kú. Nínú oṣù yẹn gan-an ni mínísítà ètò ààbò kọ̀wé sí ilé aṣòfin pé, níwọ̀n bí òun ṣe mọ̀, kò sí aráàlú tó kú látọwọ́ bàálù àwọn. Oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni ìjọba tó sọ fún ilé náà pé àwọn ló ju bọ́ǹbù Hawija. Àwọn akọ̀ròyìn ti tú u síta kí lẹ́tà ìjọba tó dé.

Ọdún 4 àti oṣù 5 nìyẹn. Inú àlàfo yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà. Nígbà tí a bá ń wo aṣòfin tó ń bi mínísítà ní ìbéèrè, a máa ń wo ẹni tó pariwo jù àti ẹni tó làágùn jù. Èmi máa ń wo kàlẹ́ńdà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó gbé ọ̀ràn yìí kalẹ̀ kedere: jíhìn. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ló ń jíhìn, ẹni tó rán an ló ń gbọ́. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló máa ń dojú òwe yìí dé. Mínísítà tó bá wọ bàálù lọ sí ìpàdé, ẹni tó jókòó kọjú sí i lọ́hùn-ún ló ń bẹ̀rù. Àwọn tó rán an wà nílé, wọn ò gbọ́ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Bó bá padà dé, ìwọ̀n tó bá wù ú ló máa bù fún wọn.

Ọ̀nà tó bàjẹ́, gbogbo ẹni tó ń gbà á ló mọ̀. Ilé ìwé tí kò lórùlé, òjò máa ń ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ìlérí tí olórí ìjọba kan ṣe fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù ńkọ́? Bí kò bá sọ ọ́, ta ló máa mọ̀ pé ó ti ṣe é?

Ẹ ti gbọ́ irú ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún ilé aṣòfin. "Ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé-ẹjọ́, a ò lè dá sí i mọ́." "Ọ̀rọ̀ ààbò ni." "A ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, a ò sì ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́." "Ìmọ̀ràn tí agbẹjọ́rò fún wa, àárín àwa àti agbẹjọ́rò wa ló wà." Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀tàn. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí o bá tú u síta lọ́jọ́ Ajé, ọmọ ogun rẹ lè kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn ni èyí tó ń dún bí òdodo: "Ohun tí mo mọ̀ lọ́jọ́ tí mo dáhùn nìyẹn." Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ọjọ́ tí o wá mọ̀ ńkọ́? Oṣù mélòó lo fi panu mọ́?

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín lọ síbi tí ọ̀ràn yìí ti dùn mí jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ ń jà lé lórí. Àwọn tó mọ Maroua kò pọ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1975, ní ìlú Maroua ní Kamẹrúùnù, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, àti Ààrẹ Ahmadou Ahidjo fọwọ́ sí ìwé kan lórí ààlà àwọn méjèèjì nínú òkun. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon. Òkèèrè náà ló wà lọ́jọ́ yẹn, níbi ìpàdé àwọn olórí Áfríkà ní Kampala. Lẹ́yìn rẹ̀, Nàìjíríà ní ìwé Maroua kò mú àwọn.

Ní ọdún 1994, Kamẹrúùnù gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìwé Maroua, àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà ṣàlàyé pé lábẹ́ òfin Nàìjíríà nígbà náà, Ìgbìmọ̀ Ológun Gíga Jù Lọ ló láṣẹ láti fọwọ́ sí àdéhùn. Ìgbìmọ̀ yẹn ló ń ṣòfin nígbà náà, nítorí ológun ti tú ilé aṣòfin ká. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ náà kò fọwọ́ sí i, pé Gowon kàn dá a ṣe ni, ó sì yẹ kí Kamẹrúùnù mọ̀ pé kò lè dá a ṣe.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2002, ilé-ẹjọ́ dá wọn lóhùn. Ó ní olórí orílẹ̀-èdè ni olórí orílẹ̀-èdè, ìbuwọ́lù rẹ̀ sì mú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Bí òfin ilé bá dín agbára rẹ̀ kù, ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba sí gbogbo ayé. Kò sì sí òfin tó ní kí orílẹ̀-èdè kan máa yọjú wo ohun tó ń lọ nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè kejì. Báyìí ni àwáwí Nàìjíríà ṣubú. (Ní ti Bakassi fúnra rẹ̀, àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ṣe ní ọdún 1913 ni ilé-ẹjọ́ tẹ̀ lé tó fi gbé e fún Kamẹrúùnù. Ará ibẹ̀ kankan ò sí nínú àwọn tó fọwọ́ sí ìyẹn náà.)

Mo fẹ́ kí ẹ tún ìdájọ́ Maroua yẹn rò dáadáa, nítorí kò kan Nàìjíríà nìkan. Ohun tó ń sọ ni pé ará ìta ò ní bèèrè bóyá ẹ ti forí korí nílé. Bí olórí yín bá ti buwọ́ lu ìwé, ọ̀rọ̀ di ẹyin, ó ti bọ́. Ilé aṣòfin tó bá fẹ́ sọ "rárá" lẹ́yìn ìgbà yẹn, ará ilé nìkan ló máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ náà nìyẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2006, Ààrẹ Olusegun Obasanjo àti Ààrẹ Paul Biya fọwọ́ sí àdéhùn Greentree, tó la ọ̀nà bí Nàìjíríà ṣe máa kúrò ní Bakassi. Ìpín 12 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní àdéhùn kankan kì í di òfin nílé àfi bí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Oṣù Kọkànlá ọdún 2007 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tó dìde, ó ní wọn ò gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú àwọn gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Oṣù 17 ti kọjá lórí ìbuwọ́lù náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2008, Nàìjíríà fa ibi tó kù lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Mo gbà pé ó yẹ kí Nàìjíríà tẹ̀ lé ìdájọ́, orílẹ̀-èdè tó bá gba ilé-ẹjọ́ lọ gbọ́dọ̀ fara mọ́ ohun tí ilé-ẹjọ́ bá sọ. Àmọ́ ará Bakassi tó jí lọ́jọ́ kan tó bá ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn ní ẹ̀tọ́ kí ẹni tó ń ṣojú rẹ̀ ní Abuja ti bi ìjọba pé ibo ni a ó kó wọn sí, kí ni wọn yóò máa jẹ, nígbà tí ìbéèrè náà ṣì lè yí nǹkan padà nínú ìwé tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí irú rẹ̀ tiwọn, ogun ló sì kọ́ wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba wọn ń bá Faransé, Rọ́ṣíà àti Ítálì pín ilẹ̀ onílẹ̀ nínú ìwé àṣírí. Àwọn aṣòfin tó ń buwọ́ lu owó ogun náà ò mọ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bolshevik gba ìjọba ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1917, wọ́n kó àwọn ìwé náà síta, aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì sì wá ń ka àdéhùn orílẹ̀-èdè tirẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Arthur Ponsonby wà lára àwọn tí èyí ká lára. Nígbà tó di igbákejì mínísítà nílé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 1924, ó kéde fún ilé aṣòfin pé láti ìgbà náà lọ, ìwé àdéhùn máa wà lórí tábìlì ilé fún ọjọ́ 21 kí ìjọba tó fi òǹtẹ̀ tó kẹ́yìn lù ú. Ọdún 86 ni àṣà yẹn fi wà láìjẹ́ òfin, kó tó wá di òfin ní ọdún 2010.

Ọjọ́ 21. Ó kéré, mo mọ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ló sì ń gba orí tábìlì yẹn kọjá tí ẹnikẹ́ni ò ṣí wò. Síbẹ̀, ẹni tó gbé àṣà náà kalẹ̀ mọ ibi tí bàtà ti ń ta lẹ́sẹ̀. Àyè ló ń wá fún wọn, àyè tó wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àti ọjọ́ tí ìwé náà máa mú wọn.

Ní ti ogun, ó ṣòroó fi gígùn ọjọ́ dè. Ẹ wo ti Ìrákì, kí ẹ sì máa fi ìka tọ kàlẹ́ńdà bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2002, Tony Blair, olóòtú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé sí Ààrẹ George W. Bush ní Amẹ́ríkà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni pé òun máa wà pẹ̀lú rẹ̀, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2003, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba kọ ìmọ̀ràn olójú ìwé 13 fún Blair lórí bóyá ogun náà bófin mu. Iyèméjì kún inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, aṣòfin kan béèrè nílé aṣòfin àgbà pé kí ni èrò agbẹjọ́rò àgbà lórí òfin ogun yìí. Ìdáhùn kúkúrú kan ló jáde, ó ní ó bófin mu. Àwọn iyèméjì ò sí níbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 18, ilé aṣojú-ṣòfin dìbò: 412 fara mọ́ ogun, 149 kọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá wo ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan, ẹ máa ní ìjọba yìí jíhìn dáadáa. Wọ́n béèrè, wọ́n dáhùn, wọ́n jiyàn, wọ́n dìbò. Oṣù Kẹrin ọdún 2005 ni ìjọba tó tẹ ojú ìwé 13 yẹn jáde. Ìwé tí Blair kọ sí Bush, ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2016 ni aráàlú tó kà á, nígbà tí ìgbìmọ̀ John Chilcot gbé ìwádìí rẹ̀ lórí ogun náà síta. Nítorí náà, ìlérí ti lọ ní oṣù bíi 8 kí wọ́n tó bi aṣòfin pé kí ló rò. Mi ò lè bá àwọn 412 yẹn jà púpọ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n bù fún wọn ni wọ́n fi ṣe ìpinnu.

Ìtìjú ìbò yẹn ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, David Cameron, olóòtú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fẹ́ kọlu Síríà lẹ́yìn tí wọ́n ti fi gáàsì olóró pa àwọn èèyàn níbẹ̀. Ó gbé e lọ sí ilé, ó pàdánù, 285 sí 272, ó sì gba kámú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, Theresa May, tó jẹ olóòtú lẹ́yìn Cameron, kọlu Síríà láìdìbò, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù ti bọ́ tán ló wá ṣàlàyé fún ilé. Àṣà ni ìbò ogun lọ́dọ̀ wọn, kò sí òfin tó sọ pé kí wọ́n dì í. Ẹni tó bá kánjú á fò ó kọjá.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Gúúsù Áfríkà, níbi tí ọ̀rọ̀ òkèèrè àti ọ̀rọ̀ ìdájọ́ àgbáyé ti wọnú ara wọn. Ilé-ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé ti fi ìwé àṣẹ síta ní ọdún 2009 àti 2010 pé kí wọ́n mú Omar al-Bashir, ààrẹ Sùdáànì, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Darfur. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, ọkùnrin náà wá sí Johannesburg fún ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfríkà. Gúúsù Áfríkà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ilé-ẹjọ́ náà, ilé aṣòfin rẹ̀ sì ti sọ ọ́ di òfin ilé láti ọdún 2002. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò kan sáré lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ní Pretoria lọ́jọ́ Àìkú, adájọ́ sì ní kí al-Bashir má kúrò nílùú. Lọ́jọ́ Ajé, bí wọ́n ṣe ń rojọ́ lọ́wọ́, bàálù rẹ̀ gbéra ní pápákọ̀ òfurufú àwọn ológun ní Waterkloof. Ìgbà tí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n mú un ni agbẹjọ́rò ìjọba tó ní ó jọ pé ọkùnrin náà ti lọ.

Ó jọ pé! Ààrẹ odidi orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú bàálù rẹ̀, ní pápá ológun.

Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà dá ìjọba lẹ́bi ní oṣù Kẹta ọdún 2016. Kí ni ìjọba wá ṣe? Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè buwọ́ lu lẹ́tà sí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé pé Gúúsù Áfríkà ń kúrò nínú Ilé-ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé. Ìgbà tí lẹ́tà ti lọ tán ni wọ́n tó gbé àbá òfin wá síwájú ilé aṣòfin pé kí wọ́n bá àwọn fagi lé òfin ọdún 2002. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti ta ilé tán kí wọ́n tó wá bi ará ilé?

Ẹgbẹ́ alátakò Democratic Alliance pe ẹjọ́. Ìpín 231 ìwé òfin Gúúsù Áfríkà ní ìjọba ló ń jókòó dúnàádúrà, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n ìwé náà kò mú orílẹ̀-èdè títí ilé aṣòfin méjèèjì yóò fi gbà á wọlé. Kò sọ ohunkóhun nípa kíkúrò. Ìjọba ní níwọ̀n bí kò ti sọ ọ́, àwọn lè dá a ṣe. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga ní Pretoria ní rárá. Ó ní bí ilé aṣòfin bá ṣe ṣílẹ̀kùn ìwọlé, òun náà ló gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn ìjáde, àti pé ó gbọ́dọ̀ ṣí i kí lẹ́tà tó jáde. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, ìjọba fa lẹ́tà náà padà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fiyè sí nínú ìtàn yìí ni ìdí tí lẹ́tà náà fi ṣeé fà padà. Ìpín 127 ìwé tó dá Ilé-ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé sílẹ̀ ní ẹni tó bá fẹ́ kúrò, ọdún kan gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí lẹ́tà rẹ̀ dé kí kíkúrò náà tó múlẹ̀. Ká ní lójú ẹsẹ̀ ni lẹ́tà ń múlẹ̀ ni, adájọ́ Pretoria ì bá dájọ́ tó wù ú, yóò dà bí ti Maroua. Àyè ọdún kan yẹn ló jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ àti aṣòfin rí ibi fẹsẹ̀ sí. Ní ọdún 2023, nígbà tí ìwé àṣẹ Ilé-ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé wà níta pé kí wọ́n mú Vladimir Putin, ààrẹ Rọ́ṣíà, tí ìpàdé BRICS, ẹgbẹ́ tí Rọ́ṣíà àti Gúúsù Áfríkà jọ wà, sì ń bọ̀ ní Johannesburg, àwọn alátakò náà ti gbọ́n. Wọ́n ti wà ní ilé-ẹjọ́ ní oṣù Karùn-ún, ìpàdé di oṣù Kẹjọ. Ní oṣù Keje, wọ́n kéde pé Putin kò ní wá.

Àwọn kan máa sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò kì í dúró de ìpàdé, pé kí aṣòfin tó jókòó, ọ̀tá ti dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò lè já irú ẹni bẹ́ẹ̀ nírọ́. Ìpín 5 ìwé òfin Nàìjíríà sì ti rò ó ṣáájú. Ó ní Ààrẹ kò gbọ́dọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà lókè òkun láìjẹ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ti kọ́kọ́ gbà á láyè. Bí ewu bá rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ó lè bá ìgbìmọ̀ ètò ààbò jíròrò kí ó sì rán wọn, àmọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá gba àṣẹ, ilé sì ní ọjọ́ 14 láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fẹ́ràn ìpín yẹn. Ó mọ̀ pé iná lè sọ lójijì, ó sì ka ọjọ́ fún ẹni tó ń pa iná.

A rí i nígbà tó ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè Niger. ECOWAS fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, ariwo ogun sì gba ìgboro. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, lẹ́tà Ààrẹ Bola Tinubu dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin àgbà, títí kan ọ̀rọ̀ pé kí ọmọ ogun múra sílẹ̀. Àwọn aṣòfin náà ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n jíròrò, wọ́n jáde, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ìfipágbàjọba náà, wọ́n sì ní kí Ààrẹ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹra mọ́ ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ọmọ ogun Nàìjíríà kankan ò kọjá ààlà. Àwọn nǹkan mìíràn náà dá sí i, n kò ní gbé gbogbo ògo fún aṣòfin. Ṣùgbọ́n bàálù ò tíì gbéra nígbà tí wọ́n bi wọ́n.

Ilé aṣòfin kì í ṣe mímọ́ o. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, àwọn aṣòfin Kẹ́ńyà dìbò pé kí orílẹ̀-èdè wọn kúrò nínú Ilé-ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé. Ó ku ọjọ́ 5 kí ẹjọ́ William Ruto, igbákejì ààrẹ wọn nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ní The Hague. Ìbò náà tètè dé dáadáa, kàlẹ́ńdà ò ní ẹ̀sùn kankan sí wọn, síbẹ̀ gbogbo ayé mọ ẹni tí wọ́n ń dì í fún. Wọn ò padà kúrò. Mo kàn ní kí n mẹ́nu bà á kí ẹ má baà rò pé mò ń ta aṣòfin fún yín.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n padà sí The Hague díẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1995, àwọn ọmọ ogun Nẹ́dálándì wà ní Srebrenica, ní Bósníà, lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, pé kí wọ́n dáàbò bo àwọn tó sá wá síbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Sẹ́ríbù Bósníà gba ibẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì pa bí ọkùnrin àti ọmọdékùnrin 8,000. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2002, ìwádìí ńlá kan jáde lórí rẹ̀. Ọjọ́ 6 lẹ́yìn náà, olóòtú ìjọba Wim Kok àti gbogbo àwọn mínísítà rẹ̀ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Kok sọ fún ilé aṣòfin pé àwùjọ àgbáyé kò ní ojú, kò lè gba ẹrù ọ̀ràn yìí sọ́rùn, òun lè gbà á.

Àwọn kan ní ó kéré, pé ọdún 7 ti kọjá, ìdìbò sì ku oṣù kan péré. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ n kò lè yọ gbólóhùn rẹ̀ kúrò lọ́kàn. Bí wọ́n bá ní "àgbáyé ló kùnà", ta lẹ máa mú? Ẹni tó ní orúkọ àti àga nílé aṣòfin nìkan lẹ lè bi. Láti ọdún 2000 ni Nẹ́dálándì ti fi ìpín 100 sínú ìwé òfin rẹ̀, pé kí ìjọba tó rán ọmọ ogun lọ gbèjà òfin àgbáyé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ilé aṣòfin. Ìpín yẹn wà níbẹ̀ lọ́dún Hawija. Ó jẹ́ kí ilé mọ̀ pé bàálù ń lọ. Kò jẹ́ kó mọ ohun tí bàálù ṣe.

Nígbà tí mo parí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè pé ṣé kò ní sàn kí wọ́n kúkú gba ọ̀rọ̀ òkèèrè lọ́wọ́ ìjọba pátápátá, kí wọ́n kó o fún aṣòfin. Mo ní rárá. Ọgọ́rùn-ún èèyàn ò lè jókòó dúnàádúrà nígbà kan náà, àti pé bí aṣòfin bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ta ló máa wá bi í?

Ìyá kan tó jókòó lápá ọ̀tún wá ní, "Ká ní ẹ̀yin ni aṣòfin, kí lẹ máa bi mínísítà?" Mo ní mi ò ní bi í pé kí ni èrò ìjọba, wọ́n ti kọ ìyẹn sílẹ̀ fún un kó tó wọlé. Màá bi í pé: ta lẹ ti ṣèlérí fún, lọ́jọ́ wo? Ta ló ti rí ìwé náà ṣáájú wa? Ọjọ́ wo lẹ kọ́kọ́ gbọ́ pé ohun tí ẹ sọ fún wa kò rí bẹ́ẹ̀? Bí ilé yìí bá ní kí ẹ má ṣe é lónìí, ṣé ẹ ṣì lè padà, títí di ọjọ́ wo?

Ìyá náà ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi í." Mo ti lọ tún un tò nínú ìwé mi.